Ẹ má tètè dá àwòdì lẹ́bi: àwọn àṣìṣe tó ń pa adìyẹ ẹ̀yìnkùlé

Láàárín oṣù kan, èèyàn mẹ́rin ló pè mí, láti Ìlọrin, láti Ọ̀ffà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo, pé nǹkan kan ń kó adìyẹ àwọn lọ. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: kí ló ṣẹ́kù nílẹ̀? Kò sí ẹni tó wò ó nínú wọn. Ọ̀kan ti ra nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo òkè àgbàlá. Ọ̀kan ti ra májèlé. Ẹ̀kẹta ti ta ìyókù adìyẹ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Owó ti jáde lápò, wọn ò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ó ń dùn mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ní Òmù-Àrán kí n tó kó wá sí Ìlọrin, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fi owó kọ́ ohun tí èmi fi owó kọ́.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó bá adìyẹ wí. Ṣé akátá ni tìrẹ ṣá?

Àṣìṣe kìíní: gbígbá ilẹ̀ kí ẹ tó wò ó

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìyẹ́ dànù, ẹ̀rí lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ ná.

Àwòdì àti àṣá, ọ̀sán ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbé òròmọdìyẹ, wọ́n á lọ, ẹ lè má rí nǹkan kan nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni àṣá ti jẹ ẹ́, ẹ ó rí ìyẹ́ rẹpẹtẹ lójú kan. Ẹ mú ọ̀kan nínú ìyẹ́ náà sọ́wọ́. Èyí tí ẹyẹ fà tu, ìdí rẹ̀ á pé pérépéré. Èyí tí ẹranko fi eyín fà, igi rẹ̀ á ti ṣẹ́ tàbí kí ó ti rún. Ajá máa ń pa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní jẹ wọ́n tán. Ẹ̀yìn àti itan ni ẹ ó ti rí ọgbẹ́. Ejò kì í da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ẹyin dín, òròmọdìyẹ dín, kò sí ìyẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n bó bá pa èyí tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ tó sì fi í sílẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ọrùn òkú náà. Ìyẹ́ ibẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra látorí dé èjìká, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá pa á. Òkété àti eku a máa wọ́ òròmọdìyẹ lọ sínú ihò, ẹ lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ihò. Bí ẹyin bá ń dín lójú ọ̀sán, pàápàá fún ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ Odò Àsà, ẹ wá àwọ́nrínwọ́n. Bí adìyẹ mẹ́wàá bá sì lọ lóru kan ṣoṣo láìsí ìyẹ́ kan nílẹ̀, tí Iléyá tàbí Kérésì kù díẹ̀, èèyàn ni.

Àṣìṣe kejì: òkú tí eku jẹ kì í ṣe ẹni tí eku pa

Lúkúlúkú, àrùn adìyẹ tó ń ràn, a máa pa adìyẹ lóru, eku a sì wá jẹ òkú rẹ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ìyẹ́ tàbí nílẹ̀, ó ti kú kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹ wo àwọn tó kù: ṣé wọ́n ń tòògbé, ṣé ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé, ṣé ọrùn ọ̀kan ti lọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe wáyà. Ẹ wá dókítà ẹran.

Àṣìṣe kẹta: wáyà

Ibí ni inú ti ń bí mi jù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́fà tí gbogbo wa ń pè ní nẹ́ẹ̀tì adìyẹ, wọ́n ṣe é kí adìyẹ má baà jáde ni. Wọn ò ṣe é kí ẹranko má baà wọlé. Ajá á fi eyín fà á ya. Eku á gba ojú rẹ̀ kọjá, ejò náà á gbà á kọjá. Òjò á pa á fún ọdún bíi mélòó kan, á dípẹtà, á máa ṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ òun ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rà ní ìdì ìdì, wọ́n á fi yí gbogbo ilé adìyẹ ká, wọ́n á wá fi àgádágodo ńlá sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn mọ́?

Èmi náà ṣe é. Ní Òmù-Àrán, mo ní adìyẹ mẹ́rìnlá tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ gba ìka méjì ni mo fi ṣe ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá mẹ́ta nílẹ̀ láìlórí. Ara wọn pé. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, nẹ́ẹ̀tì ò sì já. Àwọn ará ilé ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ọwọ́ ayé nínú, kí n lọ rí àfáà. Mo kúnlẹ̀, mo wo nẹ́ẹ̀tì náà lójú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára rẹ̀ ní ojú mẹ́ta péré, ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú igi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Wọ́n ti fara ti nẹ́ẹ̀tì sùn, ohun kan dúró síta, ó fa orí wọn gba ojú ihò. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mo jókòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì rí i: ẹranko gbọọrọ bí ológbò, ara rẹ̀ tótòtó, ìrù rẹ̀ ní òrùka dúdú látòkè dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà nìyí. Wáyà tí wọ́n jó pọ̀, onígun mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ, ni mo fi ń ṣe yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi yí gbogbo àgbàlá ká: yàrá oorun nìkan ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ lo nẹ́ẹ̀tì lásán fún ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ gbé igi tí wọ́n ń wọ̀ sí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ní ìgbọ̀nwọ́ kan ó kéré tán. Nídìí ògiri, ẹ tẹ́ wáyà náà sílẹ̀ síta ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìdí ògiri ni ẹranko tó ń gbẹ́lẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wáyà ni yóò bá. Kí ẹ sì wo abẹ́ ìlẹ̀kùn. Ibi tí àtàǹpàkò yín bá wọ̀, eku á wọ̀ ọ́.

Oúnjẹ tó sùn nínú ife ń pe eku, eku ń pe ejò. Ẹ kó o kúrò nírọ̀lẹ́.

Ẹ ti ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì. Adìyẹ kò ríran lókùnkùn.

Májèlé: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Eku tó jẹ ẹ́ á jáde wá kú lójú ọgbà, adìyẹ yín á ṣá a jẹ, tàbí ajá aládùúgbò. Mo ti rí i tí ilé méjì fi dẹ́kun kíkí ara wọn nítorí rẹ̀.

Ní ti àwòdì fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló pọ̀ jù lójú ọ̀run wa, nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó. Kíkun òròmọdìyẹ ní àwọ̀ àti síso sídíì tó ń kọ mànà á lé e fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á mọ́ ọn. Ẹ sé ìyá àti ọmọ mọ́ abẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ó parí.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ mi ni ìjàlọ. Màmá mi ní àgbébọ̀ kan tó sàba lórí ẹyin mọ́kànlá, nínú àgò ní igun ilé ìdáná. Òjò ńlá rọ̀ lálẹ́, a ti àgò pa bí a ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a jí, ìyẹ́ àti egungun ló kù lórí ẹyin. Kò kúrò lórí wọn. Kódà bó bá fẹ́ kúrò, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Adìyẹ tó wà ní ìta á sá fún ìjàlọ. Èyí tí a sé mọ́ ni wọ́n ń jẹ lóòyẹ̀.

Lásìkò òjò, ẹ gbé ẹsẹ̀ àgò sínú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì àlòkù sí, kí ohunkóhun má sì fara kan ògiri. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo adìyẹ lóru, tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí ẹ rí ìlà dúdú tó ń rìn, ẹ má wá kẹrosíìnì, ẹ má wá eérú. Ìlẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ilé adìyẹ tèmi kì í wọ inú yàrá mọ́. Orí ìṣó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ti lè tó o.