Ìwé ilẹ̀ ṣáájú èlé

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá tí ẹ ń yá èèyàn lówó tí wọ́n fi ilé dógò, ì báà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, kí lọ́yà yín kọ́kọ́ yẹ ìwé ilé náà wò ní AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ èlé sílẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ orúkọ tó wà lórí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, àti bóyá wọ́n ti fi ilé náà dógò ní báńkì kan ṣáájú yín. Bí wọ́n bá tà á nítorí gbèsè, ẹni tó wà níwájú ló máa kọ́kọ́ gbowó. Àjẹkù ni tiyín. Ìwé káńsù nìkan kò tó o, ọwọ́ mínísítà FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Àbújá, ni àṣẹ ilẹ̀ wà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 pàápàá ní kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó fi ilẹ̀ dógò, nítorí náà ẹ béèrè ìwé àṣẹ yẹn. Iye tí ilé máa pa tí wọ́n bá tà á ní kíákíá ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí onílé ń pè. Ṣùgbọ́n AGIS kò lè sọ ẹni tó ń gbé inú ilé àti ìjà tó wà lórí rẹ̀ fún yín. Ẹ fẹsẹ̀ yín débẹ̀, ẹ bi àwọn aládùúgbò.