Àṣekágbá Bọ́ọ̀lù Yunifásítì ní Amẹ́ríkà: Ilé Ta Ni Wọ́n Ti Fẹ́ Gbá A?

Bí ọmọ yín bá wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kò ní pẹ́ tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré yìí yóò fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá di òpin oṣù Kọkànlá, tó ní kí ẹ wá owó àṣekágbá fún òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbá a.

Àwọn yunifásítì pín ara wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńfáránsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe àṣekágbá tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn jù máa ń gba pápá kan nílùú ńlá, bíi ti àṣekágbá Champions League tí gbogbo wa mọ̀. Kọ́ńfáránsì tí wọ́n ń pè ní SEC ń lo Atlanta láti 1994, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Ten ń lo Indianapolis láti 2011. Hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ fẹ́ràn rẹ̀, pápá Indianapolis tiẹ̀ lórùlé tí yìnyín ò fi lè da eré rú.

Wọ́n ní irú pápá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ikọ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín ń pa mí! Láti Athens, níbi tí yunifásítì Georgia wà, sí Atlanta, kò tó wákàtí méjì nínú mọ́tò. Ní 2024, yunifásítì Texas ti ọ̀nà jíjìn wá pàdé Georgia níbẹ̀, Georgia sì fi 22 sí 19 borí lẹ́yìn àfikún àsìkò.

Àwọn kọ́ńfáránsì American, Mountain West àti Sun Belt ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ tó ṣe dáadáa jù ló ń gbàlejò. Lọ́dún 2024 kan náà, Army, ikọ̀ iléèwé àwọn ológun, gba yunifásítì Tulane lálejò ní West Point, ó nà án 35 sí 14. Èyí ló wù mí jù: ẹni tó ṣiṣẹ́ kára jẹun nílé ara rẹ̀, pápá sì kún. Kọ́ńfáránsì Pac-12 náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2011, kó tó kó eré lọ sí Santa Clara ní 2014, níbi tí àga òfìfo ti pọ̀. Àmọ́ ilé kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù o. Ní 2013, Stanford ká Arizona State mọ́lé, ó sì gba ife lọ.

Ibi tó ti kan àpò yín nìyí. Bó bá jẹ́ Atlanta tàbí Indianapolis, ẹ lè ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́. Yunifásítì méjèèjì máa ń rí ìpín tíkẹ́ẹ̀tì gbà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó lọ bá àwọn tó ń tún un tà. Bó bá jẹ́ pápá ilé, ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ẹ tó mọ ẹni tí yóò gbàlejò, hòtẹ́ẹ̀lì ìlú kékeré sì lè tán kíá. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí kò ṣeé dá padà.

Ẹ wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Báàgì oníke tí ojú ń rí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pápá ń gbà wọlé. Wọ́n máa ń sun ẹran níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣáájú eré. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín yín tán, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò ní jẹ́ kó wọlé.