Bí a ṣe ń fi ìgò rọ ìlẹ̀kẹ̀ ní Masaga, Bídà

Ìlọrin ni wọ́n bí mi, ní ilé onílẹ̀kẹ̀. Òkúta lántánà, òkúta pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ni baba bàbá mi ń gbẹ́. Èmi ni mo lọ kọ́ ti gíláàsì lọ́wọ́ àwọn Nupe ní àdúgbò Masaga. Ó máa ń dùn mí pé iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ àwa Yorùbá, torí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Igbó Olókun, Ifẹ̀, lé ní 12,000.

Ìgò bíà ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣà. Ẹ bó bébà ara rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ tó fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ẹ má pò ó: ìgò oríṣi méjì kì í súnkì bákan náà bó bá ń tutù, ó máa ń là ni.

Àárín ahéré ni iná ìléru wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹni tó jókòó ti ẹwìrì ń fín in, ó ń kọrin sí i kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá irin pọ́n kí ẹ tó fi kan gíláàsì. Irin tútù kì í mú un. Bí gíláàsì bá ń ṣàn bí omi, ó ti gbóná jù. Bó bá ń fà bí oyin ìgbà ọyẹ́ tí kò fẹ́ kúrò lẹ́nu ìgò, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wé e mọ́ ọ̀pá, kí ẹ máa yí i, ẹ má dáwọ́ dúró rárá. Bẹ́ ẹ bá dúró pẹ́nrẹ́n, á sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò rẹ̀ kò ní í sí láàárín mọ́. Irin pẹlẹbẹ la fi ń tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba.

Ti ẹ̀gbà ọwọ́ le jù. Irin ṣóńṣó la fi ń lu ihò sí i, a ó wá máa yí i bíríbírí níwájú iná, ihò á máa fẹ̀ títí ọwọ́ á fi gba ibẹ̀ kọjá. Mo ba bí ogún jẹ́ kí ọ̀kan tó rí róbótó.

Ìlẹ̀kẹ̀ mi àkọ́kọ́ rẹwà. Mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa, mo gbọ́ kẹ́, ó là sí méjì. Inú eérú gbígbóná ni kí ẹ bò ó mọ́ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, ẹ tú eérú náà, ẹ fọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ nà án sí oòrùn. Èyí tí ẹ bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sínú iná.