Bí a ṣe sọ ilé òṣìṣẹ́ ilé-òwú mẹ́rìnlá di ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká

Nígbà tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé náà, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fọwọ́ kan bíríkì kan. Mo kàn ń wọlé, mo ń jáde, pẹ̀lú ìwé, tọ́ọ̀ṣì àti irin ṣóńṣó kan tí mo fi ń gún igi wò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ra ilé náà, tó sì gbé iṣẹ́ fún mi, ti fẹ́ máa rò pé ọ̀lẹ ni mí. Òjò ni mò ń dúró dè. Mo fẹ́ rí ibi tí omi ń gbà wọlé pẹ̀lú ojú ara mi kí ẹnikẹ́ni tó ta oògùn tí ń lé omi kúrò lára ògiri fún mi.

Ilé mẹ́rìnlá ni, tí wọ́n fara ti ara wọn, bíríkì pupa, yàrá méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ilé-iṣẹ́ òwú tó wà ní ìkángun òpópónà ló kọ́ wọn fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀. Irú wọn pọ̀ káàkiri ayé. Ní New Lanark ní Scotland, David Dale dá ilé-òwú sílẹ̀ ní 1786, ó sì kọ́ ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Titus Salt ṣe bẹ́ẹ̀ ní Saltaire, ní England, yí ilé-iṣẹ́ tó ṣí ní 1853 ká. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú wọn ṣe é: ẹni tó ń sùn sẹ́bàá ilé-iṣẹ́ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ tún jẹ́ onílé rẹ̀ kì í sì tètè fajú ro. Ní Pullman ní Chicago, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ti ni gbogbo ilé tó wà nílùú, wọ́n gé owó iṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò dín owó ilé. Ìyanṣẹ́lódì tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1894 di ohun tó dá rélùwéè Amẹ́ríkà dúró. Mo máa ń rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé owó ilé kò kan bíríkìlà.

Nítorí náà, ìwé ni iṣẹ́ wa àkọ́kọ́. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò ṣeé tà. Owó ilé so mọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ àdúgbò ń gbà, kì í ṣe ohun tí ọjà bá sọ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ti fi ilẹ̀ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ báyìí ní 1969, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní New Communities. A tẹ ìwé náà, a fọwọ́ sí i, kí a tó ra àpò yanrìn kan. Mo ti rí i lójú mi níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tún ilé ṣe tó dára tán, tí àwọn olówó wá lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jáde láàárín ìdájì ọdún.

Àríyànjiyàn wá kù lórí bí yàrá ṣe kéré tó. Àwọn kan fẹ́ kí a wó ògiri, kí a sọ ilé méjìméjì di ọ̀kan jálẹ̀. Mo ní rárá. Àgbàlagbà tó ń dá gbé àti tọkọtaya tí kò ní ọmọ nílé ń wá ilé kékeré bí ojú. A so ilé mẹ́fà pọ̀ ní méjìméjì fún àwọn tó ní ọmọ púpọ̀, a fi mẹ́jọ yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilé mọ́kànlá ló jáde. A kọ́ ilé ìwẹ̀ sẹ́yìn, èyí tó wà nílé kan sì kẹ̀yìn sí ti ilé kejì, kí páìpù kan lè sin àwọn méjèèjì. Páìpù yẹn dín ìnáwó kù ju gbogbo ìdúnàádúrà tí mo ṣe lọ́jà lọ.

Ògiri ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa.

Ẹnì kan ti tún àwọn ilé yìí ṣe ṣáájú wa, sìmẹ́ǹtì ló sì fi ṣe é. Àmọ̀ tí wọ́n sun díẹ̀ ni bíríkì àtijọ́, ó rọ̀, ó máa ń mu omi. Láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí a sun, ni wọ́n fi tò ó nígbà náà. Láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ, omi tó bá wọ ògiri sì ń gba ojú ìsopọ̀ àárín bíríkì jáde padà. Tí ohun kan bá máa bàjẹ́, ojú ìsopọ̀ ni, tí a lè tún dí. Sìmẹ́ǹtì yí ètò yìí po. Ó le ju bíríkì lọ, omi ò rí ọ̀nà gba ibẹ̀, ó wá ń gba ojú bíríkì fúnra rẹ̀ jáde. Iyọ̀ inú omi náà ń gbẹ sí abẹ́ ojú bíríkì, ó ń tì í, títí ojú náà á fi ṣí bí èèpo igi. Bíríkì tó ti pẹ́ ju bàbá-bàbá mi lọ, àtúnṣe ló ń pa á.

A fi òòlù àti ṣísẹ́lì yọ sìmẹ́ǹtì náà. Ẹ̀rọ tí ń fi abẹ yíyí gé nǹkan yára, ṣùgbọ́n mo fòfin dè é lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, nítorí ó ń gé etí bíríkì pọ̀ mọ́ ọn. A yọ ọ́ jìn tó ìlọ́po méjì bí ojú ìsopọ̀ ṣe fẹ̀ tó, a fọ eruku kúrò, a wọ́n omi, lẹ́yìn náà la wá fi láìmù ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta dí i. Hóró yanrìn gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá. Gbogbo ẹni tó ń pò ó ló wọ awò ojú. Láìmù ò mọ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò yàtọ̀.

Èmi fúnra mi ló ba ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn jẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn, oòrùn mú, mo sì fẹ́ tètè rìnrìn-àjò. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ parí rẹ̀, mi ò sì rán ẹnì kankan létí pé kó fi àpò tútù bò ó. Láìmù gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀; afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di òkúta padà, kò sì lè ṣe é bí omi bá ti tán lára rẹ̀. Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo fi ìka kàn án, ó dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Owó àtúnṣe yẹn, inú àpò mi ló ti jáde.

Ẹ̀yìnkùlé tún jẹ́ kókó mìíràn. Ẹsẹ̀ ògiri ilé mẹ́rin ò gbẹ rí. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ògiri wá, ó ní kí a lu ihò sára ògiri yípo, kí òun fa oògùn sínú rẹ̀, ó sì dárúkọ owó tí ì bá ra òrùlé ilé méjì. Èmi ní tèmi ń gbẹ́lẹ̀ láti wá ibi tí omi ti ń wá. Màmá tó ń gbé nọ́ńbà 9, tí ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò mí.

“Ọmọ mi, ibi tí ò ń gbẹ́ yẹn kọ́.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Níbo wá ni?”

“Abẹ́ àwọn òkúta pẹlẹbẹ ibi tí a ti ń fọṣọ. Kòtò omi ni. Ìyá mi máa ń lé wa kúrò lórí rẹ̀.”

A gbé òkúta mẹ́ta. Kòtò tí wọ́n fi bíríkì tẹ́ dáadáa ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ti kún un dẹ́nu. Ọjọ́ méjì la fi kó o. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, ẹsẹ̀ ògiri ti yí àwọ̀ padà, a ò sì ra oògùn kankan.

Àjà òrùlé ló dẹ́rù bà mí jù. Kò sí ògiri tó pín in: èèyàn lè wọ inú àjà ilé kìíní kó sì rìn dé ilé kẹrìnlá. Bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀, kò ní sí ilé tó máa ṣẹ́kù. A gbé ògiri ìdínà-iná dìde láàárín ilé kọ̀ọ̀kan títí dé abẹ́ òrùlé, a tó wá tẹ́ ohun tí ń dá ooru dúró sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ló wá kó èyí tó wà lẹ́yìn ibi ìdáná. Èmi ò gbé e. Ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé, a fi omi rin ín kí a tó ha á, kí eruku rẹ̀ má bàa fò.

Igi tó jẹrà, orí rẹ̀ tó wọnú ògiri nìkan ló sábà ń jẹrà. A gé ibẹ̀, a fi igi tuntun lẹ̀ ọ́ pẹ̀lú bóòtù. Fèrèsé náà bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta péré la sọ nù nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta; káfíńtà wa ní igi àtijọ́ yẹn yi ju èyí tó wà lọ́jà báyìí lọ, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ó ba abẹ ayùn méjì jẹ́ lórí rẹ̀. Ibí ni ilé náà ti di ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká: ohun tí a ò sọ nù, a ò rà á.

Oṣù mọ́kàndínlógún ló gbà wá. Àwọn ayálégbé gba ìwé kékeré kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n má ṣe kun ògiri ní ọ̀dà oníke, tí kì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo bá agolo ọ̀dà oníke ńlá kan ní pálọ̀ nọ́ńbà 6. A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti rà á.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù láti fi ẹ̀rọ wọn omi inú igi. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ti kọjá 20 nínú 100, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, 27 ni mò ń bá lábẹ́ yàrá òkè. Ní báyìí, 16 ni, àfi igun ẹ̀yìn nọ́ńbà 3 tó ṣì dúró sí 21. Gọ́tà kan ló yẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí i láti ìsàlẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè la máa gbé àkàbà lọ.