Owó Tí Ooru Yàrá Kan Gbà Lọ́wọ́ Wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Owó tí a fi mú yàrá kan ṣoṣo tutù ju owó àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀ lọ. Ó ń dùn mí, torí èmi ni mo ya pílánì ilé náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni mí. Owó kì í bọ́ lọ́wọ́ wa kí a má béèrè ọ̀nà tó gbà.

Ẹbí kan ló fẹ́ sọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń to ère àti ìkòkò sí o. Iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́: kí ẹṣin àwọn ìdílé balógun máa sáré lára ògiri mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé Ojúde Ọba ń lọ lọ́wọ́, kí ohùn ìyá wọn tó ti lọ, èyí tí wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà ayé rẹ̀, sì máa ki oríkì ìran wọn nínú òkùnkùn. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣí kí Iléyá tó dé, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìgbà náà sì ni tọmọdé tàgbà ilé máa ń darí wálé.

Mi ò ní fi ọ̀dà kíkùn àti wáyà títò dá yín lágara. Ibi tí ẹ̀rọ máa wà nìkan ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Púpọ̀ nínú pùrójẹ́tọ̀ ọjà, ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára ògiri, máa ń fẹ́ àyè bíi mítà 1.5 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí àwòrán bá fẹ̀. Àwòrán wa fẹ̀ ní mítà 3, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ á jìnnà sí ògiri ní mítà 4.5, bẹ́ẹ̀ yàrá náà ò ju mítà 4 lọ. Mo ní kí wọ́n ra irú èyí tó ń ta àwòrán láti ìtòsí, tí mítà 1.5 tó fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ó wọ́n. Mo ní kí wọ́n rà á. Títí di òní, òjìji àlejò kì í sábà bọ́ sára ẹṣin wa.

Òkùnkùn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Pùrójẹ́tọ̀ kò lè ta dúdú sára ògiri. Ibi tí iná rẹ̀ kò bá dé ló ń jẹ́ dúdú. Bí oòrùn bá yọjú díẹ̀ láti fèrèsé, ẹṣin dúdú ti di aláwọ̀ eérú nìyẹn. Nítorí náà a dí fèrèsé. Ilé àtijọ́ sì rèé, fèrèsé ló fi ń mí. Bí a ṣe dí i tán, yàrá di ààrò.

Agbaṣẹ́ṣe tí ẹbí gbé iṣẹ́ amúlétutù fún fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ní éásíì wọn-họ́ọ̀sì kan á gbé e. Mo ṣe ìṣirò fún un lórí ìwé. Ẹni tó bá kàn dúró jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi 100 wáàtì sílẹ̀. Èèyàn 20 ti di 2,000. Gbogbo iná tí pùrójẹ́tọ̀ mẹ́ta àti kọ̀ǹpútà wọn bá jẹ, ooru náà ló ń dà, ìyẹn sì tó 1,500 nínú tiwa. Ooru tí wọn-họ́ọ̀sì lè kó jáde kò ju nǹkan bíi 2,600 lọ, a ò sì tíì ka oòrùn orí páànù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ilé, ẹ máa ń ro nǹkan jù.” Ó gbowó, ó kan éásíì mọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, ooru mú pùrójẹ́tọ̀ kan débi tó fi pa ara rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe padà wá, ó fi éásíì ńlá kún un, ó gba owó mìíràn. Yàrá tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo éásíì méjèèjì bo oríkì mọ́lẹ̀. Tí a bá gbé ohùn sípíkà sókè, yàrá kejì tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ.

Mo ní kí a gbé ẹ̀rọ éásíì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ọ̀pá ńlá tí a tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀ máa gbé atẹ́gùn wọlé. Kí ọ̀pá náà fẹ̀, torí atẹ́gùn tó ń sáré gba ihò tóóró ló máa ń súfèé. Olórí ẹbí kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹ fẹ́ tú ìfun ilé bàbá mi síta?”

“Ẹ má bínú, sà.” Mo fi àwòrán Centre Pompidou ní Paris hàn wọ́n lórí fóònù, ilé tí wọ́n ṣí ní 1977. Ìta ni gbogbo ọ̀pá rẹ̀ wà, aláwọ̀ búlúù fún atẹ́gùn, àwọ̀ ewé fún omi, yẹ́lò fún iná, kí inú ilé lè ṣófo fún iṣẹ́ ọnà. Bàbá wò ó títí.

“Àwọn tó kọ́ èyí ò ní àgbà lágboolé ni?”

Bí iṣẹ́ ṣe dúró nìyẹn. Iléyá ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó, owó ń lọ. Àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Èkó, ló tú u. Wọ́n mú bàbá wọnú yàrá, wọ́n tan éásíì méjèèjì, wọ́n ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. “Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ Màmá?” Bàbá tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n jáde, wọ́n ní kí a gbé ọ̀pá gba ẹ̀yìn, kó má hàn sí títì, kí a sì kùn ún ní àwọ̀ ògiri. Ọ̀pá yẹn, ibi yòówù kí n ti wò ó, ó wù mí ju iwájú ilé lọ.

Bí irú iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ìṣirò ooru sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Ẹ sì ri páìpù òfìfo sínú ògiri kí wáyà tuntun lè gba ibẹ̀ kọjá, torí ẹ̀rọ òní kò ní pẹ́ kúrò lọ́jà. Nam June Paik, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kòríà, lo tẹlifíṣọ̀n onígò fún iṣẹ́ rẹ̀ TV Buddha ní 1974. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ní iṣẹ́ rẹ̀ wá ń ṣọdẹ ògbólógbòó tẹlifíṣọ̀n kiri.

A ṣílẹ̀kùn kí Iléyá tó dé. Agbaṣẹ́ṣe kò gbé fóònù mi mọ́. Éásíì wọn-họ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó wá, ṣùgbọ́n kó má wá dúnàádúrà púpọ̀.