Ọta tó ń rìn gbéregbère: bí a ṣe ń yan ọta tó bá ọ̀pá ìbọn afẹ́fẹ́ mu

Ikún ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbin ẹ̀pà sí oko kékeré kan lẹ́yìn Kuje, àwọn ikún sì ń wú u bí ẹni pé àwọn ni mo gbìn ín fún. Mo ní ìbọn afẹ́fẹ́ 5.5 (mìlímítà ni, ìbú inú ọ̀pá rẹ̀), mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, mo sì ti na owó gọbọi sórí awò ìfojúsùn tí mo dè mọ́ ọn. Síbẹ̀, ní mítà 20 péré, ọta kan á ya sósì, èkejì á gbòkè lọ, ikún á dúró máa wò mí. Awò ni mo ń dá lẹ́bi. Àfìgbà tí bàbá ọdẹ kan, ará Ṣakí tí a jọ ń gbé ní Kubwa, ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn náà wálẹ̀ bí a ṣe ń ṣí i láti kó ọta sí i, tó fi ọta kan sí ìdí ọ̀pá, tó sì da ìdí ọ̀pá délẹ̀ díẹ̀. Ọta já bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọta rẹ ń rìn gbéregbère nínú ilé. Ṣé ìta ni yóò ti wá mọ̀nà?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òfin kúrò nílẹ̀. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí a ń gba ìwé àṣẹ fún. Ẹ gba tiyín kí ẹ tó gbé e jáde. Bí nǹkan ṣe rí ní Òkè Ọya lásìkò yìí, kò sẹ́ni tó máa rí ọ̀pá ìbọn léjìká yín ní ọ̀ọ́kán tó máa dúró béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ló ń lò.

Ó yá, ẹ mú ọta kan sọ́wọ́. Ó rí bíi gángan: orí níwájú, ìbàdí tó há, àti yẹ̀rì tó ṣófo nínú lẹ́yìn. Òjé ni wọ́n fi ṣe é, òjé sì rọ̀. Bí ẹ bá yìnbọn, afẹ́fẹ́ tí sípíríìnì (wáyà lílọ́ inú ìbọn, tó ń ká bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá tán) tì jáde á kó sínú yẹ̀rì náà, á fẹ̀ ẹ́, yẹ̀rì á sì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá pinpin. Orí ní tirẹ̀ ló ń gun àwọn ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá, àwọn ìlà wọ̀nyẹn ló sì ń mú ọta pòòyì. Bí ọta bá kéré jù, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ, orí á máa mì. Bó bá tóbi jù, àtàǹpàkò yín á ti fún yẹ̀rì rẹ̀ wọ́ kó tó wọlé tán.

Ìdí nìyí tí kò fi tó láti dé ọjà kí ẹ ní "ẹ fún mi ní ọta 5.5". Ẹ wo ara agolo dáadáa. Ẹ lè rí 5.50, 5.51, 5.52 tàbí 5.53 níbẹ̀: ìwọ̀n orí ọta ni. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ọ̀pá ìbọn mọ̀ ọ́n. Ẹ ra agolo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ sì mi agolo wò kí ẹ tó sanwó. Mo ti ra èyí tó ti já bọ́ nílẹ̀ rí, ìdajì yẹ̀rì inú rẹ̀ ló ti tẹ̀.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn tó bàjẹ́ kúrò. Ẹ gbé gíláàsì kan dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa yí ọta lé e lórí níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára á yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì ṣẹ́ kọ́rọ́ nítorí yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ ju orí lọ. Èyí tí yẹ̀rì rẹ̀ ti tẹ̀ á máa tiro. Àwọn kan tún máa ń fi ìwọ̀n àwọn oníwúrà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta fún ìdíje ló nílò ìyẹn. Ní tèmi, fún ikún, mi ò rí àǹfààní rẹ̀.

Àtàǹpàkò ni olórí iṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ ìbọn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí, nítorí bí sípíríìnì bá ta á padà, ìka yín ló máa gbé. Ẹ fi ọta sí ìdí ọ̀pá, orí níwájú, kí ẹ sì tì í jẹ́jẹ́. Ohun tí a ń wá ni kí ó kọ̀ díẹ̀ kó tó gbà. Èyí tó ṣubú wọlé fúnra rẹ̀, ó kéré. Èyí tó ń dun ìka yín, ó tóbi. Ẹ ti mẹ́wàá láti inú agolo kan náà, kí ẹ fi ìka gbọ́ bóyá gbogbo wọn kọ̀ bákan náà. Agolo tí àwọn kan ti há tí àwọn kan ti ń jábọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbáà gbówó lórí.

Bí ó bá wù yín láti rí i pẹ̀lú ojú, ẹ jẹ́ kí sípíríìnì wà láìká, ẹ kàn ṣẹ́ ìbọn tó kí ìdí ọ̀pá hàn. Ẹ fi ọta kan sí i, kí ẹ fi igi tó gún tó sì dán tì í já sí ẹnu ìbọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn. Ó yẹ kí àmì ìlà wà lára orí àti yẹ̀rì, kí ó sì yí i ká dọ́gba. Bí àmì bá wà lára yẹ̀rì nìkan, tí orí ṣì ń dán, orí náà kò kan ọ̀pá rárá. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Mo ń lo 5.50, 5.52 ni ọ̀pá mi ń fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ta á. Ẹ kó yanrìn sínú àpò, kí ògiri amọ̀ tàbí òkìtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lo bíríkì sìmẹ́ńtì, ọta máa ń ta padà níbẹ̀. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ yìn bí 20 dànù kí ọ̀pá lè mọ ọta tuntun, kí ẹ wá yin márùn-ún sórí ìwé kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún agolo kọ̀ọ̀kan. Ìbọn sípíríìnì máa ń ta síwájú àti sẹ́yìn, nítorí náà ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má fún un mọ́ra. Ihò mi, tó tú ká bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méje tẹ́lẹ̀, kó jọ sábẹ́ ojú àtàǹpàkò kan.

Bí ẹ bá rí èéfín tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn òróró tó jó, òróró ti wọ inú ilé afẹ́fẹ́. Ẹ má fi kún un. Ẹ má sì yìn ín láìsí ọta nínú rẹ̀, sípíríìnì ló máa jìyà rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dé agolo pinpin. Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọta, inú ọ̀pá ló ń há.

Àwọn kan máa ń kó ọta sẹ́nu bí ẹni jẹ kóró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Májèlé ni òjé: òjé inú eruku ìwakùsà wúrà ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010.

Agolo 5.53 tó há jù fún mi, mo gbé e lọ fún bàbá ọdẹ. Ó ti ọ̀kan wọ ọ̀pá tirẹ̀, ó mirí, ó sì kó ìyókù sápò.