Bí Mo Ṣe Fi Fóòmù Inú Páálí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Róbọ́ọ̀tì

Nígbà tí a ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, àwọn ará ilé fẹ́ da fóòmù funfun inú páálí rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mọ́tò kékeré méjì tí mo ní, irú èyí tó ń lo iná volt 3 sí 6, kò lágbára púpọ̀. Pátákó tí mo kọ́kọ́ fi ṣe ara róbọ́ọ̀tì wúwo débi pé mọ́tò ń kùn lásán, táyà kò sì yí.

Bíléèdì tuntun ni mo fi gé fóòmù náà, tí mo ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójú ilà kan náà, nítorí pé bí ènìyàn bá fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀kuru. Ibi gúlù ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo kán súpà gúlù sí i, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ ihò sínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀, torí mo ti rí i rí bí wọ́n ṣe ń yọ́ irú fóòmù yìí sínú bẹntiróò láti fi ṣe gọ́ọ̀mù. Gúlù funfun àwọn káfíńtà ni mo padà lò. Ó gba òru kan gbáko kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n kò ba nǹkan kan jẹ́.

Fóòmù kì í di sìkírúù mú: bí róbọ́ọ̀tì bá kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mejì péré, ihò á fẹ̀, mọ́tò á sì wọ́. Mo gé rúlà oníke sí méjì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóòmù, mo sì de mọ́tò mọ́ rúlà, tó fi jẹ́ pé rúlà ló ń gba ìnira. Bọ́ọ̀lù inú ike róòlóònù tó ti tán ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ iwájú (ìyàwó mi kò gbà pé ó ti tán).

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo gbé bátìrì mẹ́rin sí, nítorí nígbà tó wà lókè, róbọ́ọ̀tì náà ń dojú délẹ̀ bó bá ti dúró lójijì. L298N, pátákó iná kékeré tó ń darí mọ́tò, ń jẹ tó volt 2 nínú 6 tí bátìrì ń mú wá, síbẹ̀ 4 tó kù tó mọ́tò lò, torí ara róbọ́ọ̀tì fúyẹ́. Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí a ń kọ àṣẹ sí, ni ọpọlọ rẹ̀; HC-SR04, tó ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ jáde, tó sì ń ka àkókò tí ohùn náà fi padà, ni ojú rẹ̀. Mo ní kó yà bí nǹkan bá ku sẹ̀ǹtímítà 20 sí i.

Ó yà fún ògiri, ó yà fún àga, ṣùgbọ́n tààrà ló wọ inú kọ́tìnì lọ, nítorí aṣọ máa ń gbé ohùn mì.